Ibo Ni Ká Da Àwókù Ilé Sí?

Kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ 20, oṣù Kejìlá, ọdún 2015, òkè kan ya lulẹ̀ ní Shenzhen, ìlú ńlá kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Kì í ṣe òkè tí Ọlọ́run dá. Erùpẹ̀ tí wọ́n wà níbi ìpìlẹ̀ ilé ni, pẹ̀lú àwókù kọnkéré, tí àwọn típà ń dà sínú kòtò ńlá kan ní Hong'ao, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀. Ilé 33 ló bò mọ́lẹ̀ tàbí tó bà jẹ́ nísàlẹ̀. Èèyàn 73 kú, àwọn mẹ́rin sì di àwátì.

Ká sòótọ́, lójú ẹni tó ń wá ibi ìdàdọ̀tí, Hong'ao wuni. Kòtò ti wà nílẹ̀, kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ọ̀rọ̀ jíjìnnà yìí kì í ṣe kékeré. Àwókù wúwo, kò sì níye lórí. Bí ọ̀nà bá jìn jù, epo ọkọ̀ á gbé èrè mì, awakọ̀ á sì wá ẹ̀bá ọ̀nà kan lóru, á yí ẹrù rẹ̀ dà, ó di.

Kọ̀ǹpútà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń yan irú ibi báyìí. Wọ́n á pín ilẹ̀ ìlú sí igun mẹ́rin kéékèèké, bíi mítà 30 níbùú àti lóròó, bí àwòrán sátẹ́láìtì Landsat ṣe pín in. Ṣé ibẹ̀ tẹ́jú àbí ó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Báwo ló ṣe jìnnà sódò tó? Ilé ńkọ́? Títì ńkọ́? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan á ní máàpù àti máàkì tirẹ̀, wọ́n á wá rò wọ́n pọ̀.

Ibí yìí gan-an ló ń kọ mí lóminú. Nínú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ibi tó gba máàkì gọbọi lórí títì lè yege bó tilẹ̀ fìdí rẹmi lórí omi. Omi ló sì pa Hong'ao. Ó ti wà nínú kòtò náà tẹ́lẹ̀, wọn ò fà á tán, wọn ò sì ṣe ojú ìṣàn tó tó. Erùpẹ̀ mumi yó, wọ́n tún ń kó òmíràn lé e. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ṣáínà gbé kalẹ̀ sọ pé àfọwọ́fà ni.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń yọ èèwọ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fún ohunkóhun ní máàkì. Etí odò, orísun omi mímu, ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè ilé èèyàn: wọ́n á pa wọ́n rẹ́ lórí máàpù, bó ti wù kí títì ibẹ̀ dán tó.

Òní nìkan ni máàpù sì ń fi hàn. Nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí sí Olúsósùn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ka ibẹ̀ sí. Ilé ti yí i ká báyìí. Ó yẹ kí ibi tí ìlú ń gbòòrò lọ ní máàpù tirẹ̀ náà. Ó sì yẹ kí wọ́n bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí àgbàrá máa ń gbà kọjá, torí ojú àgbàrá tí kò fẹ̀ ju mítà méjì lọ kì í hàn nínú igun mẹ́rin oní-mítà 30.