Òótọ́ àti Irọ́: Bí Awo Ṣe Ń Kọ́ Ohùn

Nínú géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ Fìdítì àti Ìlóra ń gbá lórí fóònù, ẹni tó bá fẹ́ ọfọ̀ tuntun kàn ń tẹ ojú fóònù ni. Nínú fíìmù Yorùbá, bàbá arúgbó kan á fi ìka kan ahọ́n ọmọ, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò ògèdè. Láàárín méjèèjì, irọ́ ti dàpọ̀ mọ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Irọ́: Ọ̀nà kan náà ni gbogbo ẹni tó lóhùn lẹ́nu gbà kọ́ ọ.

Òótọ́: Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn tó ń ṣe géèmù pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, oṣó tó kàwé ń da idán kọ sínú ìwé rẹ̀, ó sì lè dà á kọ láti inú ìwé oṣó mìíràn. Nínú òfin tó jáde ní 2014, ẹni tí wọ́n bí idán mọ́ kò mọ̀ ju ìwọ̀nba lọ. Ìgbà tó bá gun ìpele tuntun nìkan ló lè fi ọ̀kan pààrọ̀ ọ̀kan. Àlùfáà ní tirẹ̀ ń yan èyí tó máa lò nígbà tó bá jí. Lọ́dọ̀ tiwa, babaláwo ń kọ́ odù, adáhunṣe ń kọ́ ewé àti ọfọ̀ tó bá a rìn, ọdẹ sì ń gba tirẹ̀ lẹ́nu baba tàbí ọ̀gá tó ń bá wọ igbó.

Irọ́: Ẹni tó bá ti lo ìsọ̀yè, ìyẹn oògùn ìrántí, Ifá ti wọ̀ ọ́ lórí.

Òótọ́: Wọ́n ń lo ìsọ̀yè lóòótọ́, àmọ́ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Fìdítì, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí Ifá ní 1976. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 7 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ awo, ó sì lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ọmọ awo ń ṣiṣẹ́ ilé, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ròde, ojú rẹ̀ sì ń là. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ̀: bí odù ṣe ń hàn, ojú odù 16 àti ọmọ odù 240, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256. Ẹ̀yìn náà ni ẹsẹ Ifá tó dé. Ọ̀gá á kì í, ọmọ á tẹ̀ lé e, títí ó fi máa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Irọ́: Awo kì í fún awo lóhùn.

Òótọ́: Ohun tí wọn kì í fi han ọ̀gbẹ̀rì wà, ṣùgbọ́n awo ń gbà lọ́wọ́ awo. Nígbà tí ọmọ awo bá gba òmìnira, ẹ̀kọ́ mìíràn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lè gba ìlú mìíràn lọ bá ẹni tó mọ odù kan tàbí ìwòsàn kan jù ú lọ. Ó lè fi owó gbà á, ó lè fi iṣẹ́ gbà á, ó sì lè fi èyí tóun náà mọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Níbi tó ti yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n bí idán mọ́ nínú géèmù nìyí: ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ kò pàdánù rẹ̀. Bí awo méjì bá fún ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì méjì ni wọ́n ń gbé lọ sílé.

Irọ́: Ohùn tí a bá ti lò ti tán lẹ́nu.

Òótọ́: Inú ìtàn ni èyí ti wá. Nínú ìwé Jack Vance, The Dying Earth, tó jáde ní 1950, bí oṣó bá ti pe idán kan, ó jáde lórí rẹ̀ nìyẹn, àfi kó tún un kọ́. Gygax mú un lò nínú géèmù rẹ̀. Lọ́dọ̀ awo, àìlò gan-an ló ń pa ohùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń péjọ sun ìyẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á máa lé, àwọn yòókù á máa gbè é. Bó bá ṣì í, wọ́n á dá a dúró kó tún un ṣe. Ìtìjú ńlá ni fún ẹni tó bá ṣì í léraléra.

Irọ́: Ẹni tó bá ra ìwé ọfọ̀ ti di awo.

Òótọ́: Ìwé wà. Abímbọ́lá tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968. Ní 1995, Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé Ewé jáde, tó kó àpòpọ̀ ewé àti ọfọ̀ wọn jọ. Ó fi hàn níbẹ̀ pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń rán an sábà máa ń jọra létí, èyí tó ń jẹ́ kí ọfọ̀ rọrùn láti há sórí. Ṣùgbọ́n Verger kò ti inú ìwé di Fátúmbí, orúkọ tó ń jẹ́ nínú awo. Ọwọ́ àwọn awo Kétu, ní ilẹ̀ Bénin, ló ti tẹfá ní 1953. UNESCO náà kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá aráyé, àmọ́ ìkéde kì í kì Ifá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Fìdítì, ẹ má fi géèmù yín sílẹ̀ nítorí tèmi. Bí ẹ bá ní àgbà ládùúgbò tó mọ Ifá, ìjálá tàbí orúkọ ewé, ẹ lọ kí i, kí ẹ tọrọ àyè láti ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí ọ̀fẹ́ kọ́ ni àwọn náà fi gbà á.