Ẹ Wo Wáyà Kí Ẹ Tó Ra Sítátà

Ọdún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Àgbádárìgì. Ọdún kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ ìgbà náà kò ní kọ̀ǹpútà tí yóò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí sítátà bá ń yí tìkọ̀tìkọ̀ ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀, wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ni mo gbà pé ó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Ibẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn òkun oníyọ̀ àti àgbàrá òjò máa ń mú kí ojú ìdè rẹ̀ dógùn-ún.

Rewáyà lè ní sítátà ló gbó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mítà kékeré ni yóò làjà. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, yẹ kó tó fólítì 12.6. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí nẹ́gátíìfù bátìrì, èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan wá ta kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá ju ìdajì fólítì lọ, ẹ tú wáyà náà, ẹ fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ títí yóò fi dán, kí ẹ dè é padà ṣinṣin. Owó sáńpépà nìyẹn o, kì í ṣe owó sítátà tòkunbọ̀! Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wọn wáyà tó ń gbé iná lọ sí sítátà kí ẹ tó tú sítátà fúnra rẹ̀. Ti Ìjàpá tún yàtọ̀ díẹ̀: wáyà kejì wà lábẹ́ rẹ̀ tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀, ibi tí ẹrẹ̀ ti ń ta sí i lójoojúmọ́.