Kí Ẹ Tó Dẹ́bi fún Brain Box

Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà, Corolla tòkunbọ̀ láti ibẹ̀ tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè ní ẹnu tó lè fi sọ ohun tó ń ṣe é. Síbẹ̀, bí iná ẹ́ńjìnnì bá ti tàn, “brain box ti lọ” ni ọ̀pọ̀ rìwáyà máa kọ́kọ́ sọ. N ò gbà. Òun ló sábà máa ń bàjẹ́ kẹ́yìn.

Kọ̀ǹpútà kékeré ni brain box. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún un bí atẹ́gùn tó ń wọlé ti pọ̀ tó, bí omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó àti ibi tí kíráńkì yí dé. Òun náà á pinnu ìwọ̀n epo àti ìgbà tí pọ́ọ̀gì máa ṣáná. Fóòtì 5 ló fi ń bọ́ ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀. Bí wáyà ẹyọ kan bá bó tó kan irin, iná yẹn lè já wálẹ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́.

Mítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Bátìrì tó sàn máa ń wà ní nǹkan bíi fóòtì 12.6 bí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.5. Ẹ wo fíúùsì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ kóòdù ọkọ̀ sílẹ̀ (ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀), ẹ tú wáyà ńẹ́gẹ́tífù tó lọ sára bọ́dì, kí ẹ fọ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìwópin àti etí ọ̀sà Ogun Waterside, ọ̀rinrin ò níí jẹ́ kí èyí jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Yíyọ orí bátìrì máa ń pa iná ẹ́ńjìnnì lóòótọ́, àmọ́ ó ń pa kóòdù tó ń júwe àìsàn rẹ́, àti ìwọ̀n epo tí brain box ti fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ míì fi máa ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹ ó fi wà á díẹ̀. Ẹ ki ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú 16 yẹn, kí ẹ kọ kóòdù sílẹ̀ ná. P0171 ń sọ pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ: ẹ wá ibi tí rọ́bà atẹ́gùn ti là. P0606 ní tirẹ̀ ń nàka sí brain box fúnra rẹ̀.

Bó bá di pípààrọ̀, nọ́ńbà ara ti àtijọ́ ni kí ẹ mú lọ sọ́jà. Bí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá ní chip, brain box àlòkù lè má dá a mọ̀, ẹ́ńjìnnì ò sì níí ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi so méjèèjì pọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó máa so wọ́n pọ̀ kí ẹ tó sanwó.