Ìtọ́jú ẹ̀rọ ìdáná onígáàsì nínú ilé

Ìtọ́jú ẹ̀rọ ìdáná onígáàsì ni àyẹ̀wò, ìfọ̀mọ́ àti àtúnṣe tí a ń ṣe sí sítóòfù, sílíńdà, rẹgulétọ̀ àti rọ́bà tí gáàsì ń gbà kọjá, kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ láìṣe àwọn tí ń gbé inú ilé ní jàǹbá. Ewu méjì pàtàkì ni ó wà nídìí gáàsì ìdáná. Èkínní ni kí gáàsì jò, kí ó kóra jọ sí ojú kan, kí iná sì ràn án. Èkejì ni kí gáàsì má jó tán dáadáa, kí ó sì mú afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide jáde. Púpọ̀ nínú àyẹ̀wò tí ó ń dènà ewu méjèèjì kò kọjá ohun tí onílé lè fi omi, ọṣẹ àti ojú ara rẹ̀ ṣe. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí ó jẹ́ ti oníṣẹ́ tí ó kọ́ ọ nìkan.

Ìrísí gáàsì ìdáná

Gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú sílíńdà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń pè ní LPG. Àdàlù propane àti butane ni. Bí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú irin, a di olómi. Bí ó bá sì jáde, a tún padà di afẹ́fẹ́. Lítà kan gáàsì olómi lè di nǹkan bí 250 lítà afẹ́fẹ́, èyí ni ó fà á tí ìjò kékeré fi lè gba gbogbo yàrá.

Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀, butane sì wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Nítorí náà, gáàsì tí ó bá jò kì í gòkè lọ sí àjà. Ilẹ̀ ni ó máa ń tẹ̀ lé, tí yóò sì kóra jọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú gọ́tà àti kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Bí gáàsì inú afẹ́fẹ́ yàrá bá ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣáná kan tó láti mú un bú gbàù.

Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Òórùn bí ẹyin jíjẹrà tí a máa ń gbọ́ jẹ́ ti èròjà kan, ethyl mercaptan, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i. Ìjàǹbá ilé ìwé New London ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 1937, ni ó mú kí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í pa á láṣẹ kí a fi òórùn sí gáàsì. Gáàsì tí kò lóòórùn jò sí abẹ́ ilé náà láìsí ẹni tí ó fura. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé.

Lílò rẹ̀ ní àríwá Èkìtì

Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú àyíká wọn, igi ìdáná, èédú àti kẹrosíìnì ni àwọn ènìyàn fi ń dáná tipẹ́. Ààrò sábà máa ń wà ní ẹ̀yìnkùlé tàbí nínú ilé ìdáná tí ó dá dúró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé fẹ́ jáde. Gáàsì wọ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ NLNG, tí ó wà ní Bonny, ti ń pèsè gáàsì ìdáná fún ọjà Nàìjíríà. Ọkọ̀ ni ó sì ń gbé gáàsì dé àwọn ìlú tí ó jìnnà sí etíkun.

Ní ọdún 2011 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó háyà yàrá kan ṣoṣo lè máa sùn, kí ó máa kàwé, kí ó sì máa dáná nínú yàrá kan náà. Sílíńdà kékeré tí ẹnu iná rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ó rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ìkòkò tí ó wúwo lè ti í ṣubú, iná sì súnmọ́ orísun gáàsì jù. Ibi tí ó tẹ́jú ni a gbọ́dọ̀ gbé e sí, a kò sì gbọdọ̀ fi ìkòkò ńlá lé e. Sítóòfù tí rọ́bà so mọ́ sílíńdà tí ó dúró lọ́tọ̀ ní ààbò jù ú lọ.

Ní ìlú bí Ìpáò-Èkìtì, tí ó wà ní apá àríwá ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ọ̀nà jìn sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹni tí iná jó kò lè yára dé ibẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò ṣáájú ìjàǹbá ṣe pàtàkì púpọ̀ fún irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀.

Sílíńdà

Òòró ni sílíńdà gbọ́dọ̀ máa wà nígbà gbogbo. Bí a bá dà á dùbúlẹ̀, gáàsì olómi lè gba ẹnu rẹ̀ jáde, iná a sì fò sókè. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí òwúrọ̀ bá tutù, agbára gáàsì máa ń dínkù díẹ̀, àwọn kan a sì máa da omi gbígbóná sí sílíńdà lára tàbí kí wọ́n gbé e súnmọ́ iná kí ó lè tán pátápátá. Ewu ńlá ni, nítorí pé ooru ń mú kí gáàsì inú rẹ̀ wú.

Nítorí wíwú yìí kan náà ni a kì í fi í rọ gáàsì kún sílíńdà dé ẹnu; nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni gáàsì olómi gbọ́dọ̀ gbà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n sílíńdà òfìfo sábà máa ń wà lára irin rẹ̀. Bí sílíńdà òfìfo bá wọn kílò 15, tí a sì ra gáàsì kílò 12.5, kílò 27.5 ni ó yẹ kí òṣùwọ̀n fi hàn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé wọ́n ti rọ ọ́ kọjá ààlà; bí ó bá dín, wọ́n rẹ́ oníbàárà jẹ.

Ọdún tí wọ́n ṣe sílíńdà náà sábà máa ń wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. SON, àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ìjójúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti kéde pé ọdún 15 ni sílíńdà ń lò. Èyí tí ó ti dógùn-ún, tí ó kọ wọnú, tàbí tí ìdí rẹ̀ ti ń jẹ kò yẹ ní rírọ gáàsì sí mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà tuntun wà lára rẹ̀.

Àyẹ̀wò ìjò

Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò. A ó po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, a ó ṣí sílíńdà láì tan sítóòfù, a ó sì fi kànìnkànìn rírọ̀ kan omi náà sí ẹnu sílíńdà, ìdí rẹgulétọ̀, gígùn rọ́bà àti ibi tí ó ti wọ sítóòfù. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń ta bọ́ḿbù kéékèèké ni gáàsì ti ń jáde. A kò gbọdọ̀ fi ìṣáná tàbí iná fóònù tí a tàn síbẹ̀ wá ìjò láéláé. Ìgbà tí a bá gbé sílíńdà dé láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ ni àyẹ̀wò yìí yẹ jù, nítorí pé ìgbà náà ni a ń tún un so.

Rẹgulétọ̀ ni ó ń dín agbára tí gáàsì fi ń jáde kù kí ó tó dé sítóòfù, nítorí náà a kì í so rọ́bà mọ́ sílíńdà láìsí i. Rọ́bà gáàsì gidi ni kí a lò, kì í ṣe rọ́bà omi, kí kílíìpù sì di í mú ní orí méjèèjì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí ó fi ojú sísán hàn, tàbí tí ó ti le gan-an, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn ibi gbígbóná sítóòfù kọjá.

Ìfọ̀mọ́ sítóòfù àti àwọ̀ iná

Iná gáàsì tí ó dára máa ń ní àwọ̀ búlúù, ó sì máa ń dúró ṣinṣin. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iná fìtílà, tí ìdí ìkòkò sì ń dúdú, gáàsì kò jó tán nìyẹn. Omi ọbẹ̀ tí ó dà sílẹ̀ tàbí òróró tí ó dí ihò ni ó sábà máa ń fà á.

Kí a tó fọ̀ ọ́, a ó ti sílíńdà, a ó sì jẹ́ kí sítóòfù tutù. A ó yọ orí ẹnu iná, a ó rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a pò mọ́ ọṣẹ, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, a ó sì fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí a tó dá a padà sí ipò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ihò bíńtín tí gáàsì ti ń tú jáde nísàlẹ̀ kò ṣe é fi abẹ́rẹ́ gbòòrò, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ ni ó ń pinnu iye gáàsì tí yóò jáde.

Èyí kan sítóòfù tòkunbọ̀ gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti Gẹ̀ẹ́sì wá ni wọ́n ṣe fún gáàsì methane tí ó ń gba inú páìpù wọ ilé, ihò wọn sì fẹ̀ ju ti LPG lọ. Bí a bá so wọ́n mọ́ sílíńdà bẹ́ẹ̀, iná wọn a ga, a sì pọ́n. Oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ni ó yẹ kí ó pààrọ̀ ihò náà.

Carbon monoxide

Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí a bá mí i sínú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200 ju bí oxygen ti ń ṣe lọ, tí ara kò sì ní rí oxygen lò. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa pè é ní ibà. Bí ara bá ń yá nígbà tí a bá jáde síta, tàbí tí àìsàn náà mú gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kí a fura sí iná. Ní àsìkò ọyẹ́, a kò gbọdọ̀ ti fèrèsé pa nítorí òtútù nígbà tí sítóòfù bá ń jó, a kò sì gbọdọ̀ fi í móoru sùn. Ewu kan náà ni ó wà nínú èédú tí a gbé wọ yàrá àti jẹnẹrétọ̀ tí a tàn sítòsí fèrèsé.

Bí gáàsì bá ń jò

Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn gáàsì gbọ́dọ̀ ti sílíńdà, kí ó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ó sì kó gbogbo ènìyàn jáde. Kò gbọdọ̀ tan iná mànàmáná, kò sì gbọdọ̀ pa á, nítorí pé súìṣì lè ta iná nígbà méjèèjì. Ìta ni a ti ń pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà. Bí iná bá ń jó ní ẹnu rọ́bà, títi sílíńdà ni ó ń pa á bí ọwọ́ bá ṣì lè dé ibẹ̀. Bí a bá fi aṣọ tútù bo iná náà pa láì ti sílíńdà, gáàsì yóò máa tú jáde lọ, yóò sì dúró de iná mìíràn. Bí ọwọ́ kò bá lè dé ibẹ̀, kí a sá kúrò, kí a sì ké sí àwọn panápaná.

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù

Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tún ń lo gáàsì nínú ẹ̀rọ tí ó ń mú ilé móoru. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé Gas Safe Register, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, nìkan ni òfin gbà láyè láti fi iṣẹ́ gáàsì ṣe òwò. Onílé tí ó ń háyà ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ ẹ̀rọ náà wò ní oṣù 12 méjìméjìlá. Ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò náà. Iṣẹ́ tí ó kù fún ará ilé ni kí ó má dí ojú ihò afẹ́fẹ́, kí ó máa dán aago tí ó ń kìlọ̀ carbon monoxide wò, kí ó sì máa pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́gbóná bí ilé rẹ̀ bá ní irú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Títú inú ẹ̀rọ náà kì í ṣe iṣẹ́ onílé, gẹ́gẹ́ bí títú ẹnu sílíńdà àti rẹgulétọ̀ kò ti jẹ́ iṣẹ́ onílé ní Èkìtì.