Ìbọn Méjì Lọ́wọ́ Ọdẹ Kan

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Ẹ jẹ́ kí á mú ọdẹ kan tí ó ní ìbọn ṣakabùlà méjì. Àtùpà tí ó ń so mọ́ iwájú orí kò tàn dáradára mọ́. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lu. Ọ̀sán nìkan ni ó mọ̀ ọ́n dẹ. Kò tíì kọ́ ọdẹ òru lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó ta ọ̀kan nínú ìbọn méjèèjì, kí ó fi owó rẹ̀ ra ohun èlò, kí ó sì fi ìyókù kọ́ṣẹ́?

Àwọn kan yóò dáhùn pé ọdẹ kì í ta ìbọn rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní kí ó tà á kíá. Ìdáhùn náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀: ẹ̀mí ọdẹ fúnra rẹ̀, ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó, àti ti ẹni tí a lè kọjú ìbọn tí ó bá tà sí.

Kí ni ó ń sọ ènìyàn di ọdẹ?

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, a ó rí i pé láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ‘dẹ’ ni a ti ṣẹ̀dá ‘ọdẹ’. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí náà ni ó wà nínú ‘dẹ tákúté’ àti ‘dẹ pańpẹ́’. Ìbọn kò sí nínú rẹ̀. Kí ìbọn tó dé láti òkè òkun, ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, àdá àti ajá ni àwọn baba ńlá wa fi ń ṣọdẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní ọdún 1938, ẹ ó rántí àwọn akọni tí wọ́n bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó. Kùmọ̀ ni ti Kàkó, ọfà ni ti Ẹfọ́ìyẹ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni Ìmọ̀dóye mú lọ, ohùn dídùn sì ni ti Olóhùn-iyọ̀. A ka ìmọ̀ mọ́ ohun ìjà.

Ohun tí ṣakabùlà ń béèrè

Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà. A ó kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i, a ó fi àkísà dí i, a ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a ó da ọta lé e, a ó sì tún fi nǹkan dí i kí ọta má baà dà jáde. Bí ẹ̀tù bá kéré, ọta kò ní lọ jìnnà. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú. Bí ẹ̀tù bá tutù, ó lè má gbiná lójú ẹsẹ̀, kí ó wá gbiná nígbà tí ọdẹ bá ń yẹ ẹnu ìbọn wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé àwọn alágbẹ̀dẹ wa ni ó rọ wọ́n, òmíràn láti ara páìpù omi lásán. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí ọ̀kan lè gbà lè fọ́ èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìbọn méjì tí kò mọ ìwọ̀n ẹ̀tù, ewu méjì ni ó ní.

Ohun èlò àti ẹ̀kọ́

Kí ni ọdẹ wa yóò fi owó náà ṣe? Àtùpà orí tí ó mọ́lẹ̀ ṣe kókó fún ọdẹ òru, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni ó máa ń mú kí ojú ẹran tàn. Bàtà rọ́bà gígùn ń dáàbò bo ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ejò. Àpò tí omi kì í wọ̀ ni a fi ń tọ́jú ẹ̀tù.

Ṣùgbọ́n ohun èlò láìsí ẹ̀kọ́ kò tó. Ọdẹ tí a kò kọ́ yóò rí ojú méjì tí ń dán nínú òkùnkùn, yóò sì yìnbọn. Ojú ewúrẹ́ ń dán. Ojú ajá ń dán. Iná orí ọdẹ mìíràn láàárín ewé sì lè jọ ojú ẹran. Ẹni tí a kọ́ dáadáa yóò wo bí ojú náà ti ga tó, bí méjèèjì ti jìnnà síra tó, àti bí ó ti ń rìn, kí ó tó fọwọ́ kan ìbọn. Bí kò bá dá a lójú, yóò jẹ́ kí ó lọ. Irú ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń rà ní ọjà. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni a ti ń kọ́ ọ. Ọmọ-ọdẹ yóò ru àpò ọ̀gá rẹ̀, yóò kọ́ bí a ti ń mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran, bí a ti ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, àti ẹran tí òfin ní kí á má pa mọ́, irú bí erin, tí òfin ọdún 1985 dáàbò bò.

Ìdí tí ẹlòmíràn kò fi ní tà á

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ọdẹ yóò ní àtakò, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìtumọ̀. Èkínní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ń dún kí a tó tún un kì. Bí ìmàdò tàbí ẹfọ̀n tí ọta bà bá yí padà sí ọdẹ, ìbọn kejì tí a ti kì sílẹ̀ lè gba ẹ̀mí là. Èkejì, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ni yóò máa fi jẹun. Ẹ̀kẹta, ó lè jẹ́ ogún bàbá, irin Ògún tí ó fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Ìbéèrè mi ni pé: ǹjẹ́ ìbọn kejì ní iṣẹ́ tirẹ̀? Bí ó bá ń bá ẹran ńlá jà, tí ó sì ní ẹni tí ń gbé e tẹ̀ lé e, ó ní iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ òkété àti ehoro ni ó ń pa, tí ìbọn kejì sì ń kó eruku lára ògiri, iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe?

Ta ni yóò rà á?

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta ní Nàìjíríà. Ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí a kà léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní àṣẹ. Ìbọn bíi ti ọdẹ olóyìnbó wà ní ìpín kejì, ṣakabùlà sì wà ní ìpín kẹta. Àwọn náà kò ṣeé ní láìsí ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ ẹni kan kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ọdẹ tí ó bá ta ìbọn fún àjèjì ní kọ̀rọ̀ ti rú òfin, kò sì mọ ibi tí ìbọn náà yóò ti dún. Àwọn àgbà ní, ‘Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú rẹ̀ sí òun?’ Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ nítorí àìsí ààbò, àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn tí ó wọ̀ ọ́. Ohun ìtìjú ni kí ìbọn ọdẹ kan náà di ti ọlọ́ṣà.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí ìbọn kejì kò bá ní iṣẹ́, tí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ sì fẹ́ ẹ, kí ó lọ sọ fún Olúọ́dẹ àti àwọn ọlọ́pàá, kí ó tà á ní gbangba, kí ó sì fi owó náà kọ́ṣẹ́ kí ó tó ra nǹkan mìíràn. Bí kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó dá èsúsú, kí ó máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ nínú owó ẹran, kí ó má sì wọ igbó lóru títí tí yóò fi kọ́ ọ. Àtùpà lè dúró de owó. Ẹ̀mí tí a bá fi àìmọ̀ pa kò ní ọjọ́ tí a ó rà á padà.