Ọ̀pá, Òjìji àti Ọfà: Ẹ̀kọ́ Kan Náà Ni

Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bá ti bẹ̀rẹ̀ tirigonọ́mẹ́tírì, SOHCAHTOA, ọ̀rọ̀ tó ń ránni létí ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta tí a fi ń ṣírò sáìnì, kósáìnì àti táńjẹ́ǹtì, ni yóò kọ́kọ́ kọ́ sórí. Ọ̀rọ̀ náà wúlò, n kò bá a jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ń parí sí fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Nígbà tí wọ́n bá wá pàdé fẹ́kítọ̀ nínú kíláàsì físíìsì, wọ́n á rò pé àlejò mìíràn ló dé. Ẹ̀kọ́ kan náà ni méjèèjì, tí a bá sì kọ́ wọn pọ̀ ni wọ́n tó lè yé ọmọ yékéyéké.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òjìji bẹ̀rẹ̀. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, kó yọ mítà 2 sókè, kí òjìji rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5. Bí òjìji ọ̀pẹ tó wà nítòsí bá jẹ́ mítà 9 lákòókò kan náà, mítà 12 ni ọ̀pẹ yẹn ga, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé igbà gùn ún. Ẹ fi òjìji pín gíga, ti ọ̀pá àti ti ọ̀pẹ: 4 lórí 3 ni méjèèjì máa jẹ́, nítorí pé oòrùn wà ní nǹkan bíi dígírì 53 sí ilẹ̀. Bí igun yẹn kò bá yí, iye náà kò ní í yí. Òun là ń pè ní táńjẹ́ǹtì. Ẹ wá wo ọlọ́kọ̀ tó wa ọkọ̀ ní kìlómítà 3 sí ìlà-oòrùn, tó yà sí àríwá, tó tún wa kìlómítà 4. Kìlómítà 7 ló fi apá wà, àmọ́ kìlómítà 5 péré ló fi jìnnà sí ibi tó ti ṣí. Ọfà tí a bá fà láti ibi tó ti ṣí dé ibi tó gúnlẹ̀ ni fẹ́kítọ̀. Igun tí ọfà náà ṣe pẹ̀lú ìlà-oòrùn ńkọ́? Dígírì 53 ti òjìji ọ̀pẹ ló tún padà wá. Nínú èdè Látìn tí a ti mú orúkọ fẹ́kítọ̀, ẹni tó ń gbé nǹkan lọ ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu.

Ibi tí àkọ́sórí ti ń já ọmọ kulẹ̀ ni igun tó ju dígírì 90 lọ. Kósáìnì 120 jẹ́ −0.5. Inú onígun mẹ́ta wo la ti máa rí ẹ̀gbẹ́ tó kéré sí òdo? Ọmọ tó mọ ọfà kò ní í dààmú. Bí ẹni tó dojú kọ ìlà-oòrùn bá yí sápá òsì ní dígírì 120, tó rin kìlómítà kan, ó ti fi ìdajì kìlómítà padà sí ìwọ̀-oòrùn. Kósáìnì ń sọ bí ìrìn náà ṣe mú un lọ sí ìlà-oòrùn tó, àmì tó wà níwájú 0.5 sì ń sọ pé ẹ̀yìn ló lọ. Sáìnì ń sọ bó ṣe lọ sí àríwá tó, ìyẹn nǹkan bíi 0.87.

Àwọn kan á ní tirigonọ́mẹ́tírì ti wà láti ayé Hipparchus ará Gíríìsì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún 1840 ni Hamilton ará Ireland fún fẹ́kítọ̀ lórúkọ. Wọ́n á ní kí àgbà ṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù ṣírò láìní òdo, a kò sì tìtorí ìyẹn fi òdo pamọ́ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn mìíràn á ní àkókò kò tó, WAEC ló wà níwájú. Ìbéèrè bearing tí WAEC ń béèrè, kí ni bí kò ṣe ọfà? Láti àríwá la ti ń ka bearing, nítorí náà 037 ni ti ọlọ́kọ̀ wa. Ọmọ tó ti ya ọfà náà kò nílò òfin tuntun kankan láti rí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀pá kan, okùn kan àti pápá ilé ẹ̀kọ́ ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde sínú oòrùn kí ẹ tó kọ SOHCAHTOA sójú pátákó.