Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra wọkí-tọkí àlòkù

Ní Abidjan, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò ti ń ṣòwò, bí ọ̀gá àwọn ọlọ́dẹ bá ra wọkí-tọkí àlòkù lọ́jà, ó lè tàn, kí bátìrì rẹ̀ sì dára, síbẹ̀ kí ohùn má já gaara láàárín rẹ̀ àti èyí tí wọ́n ti ń lò. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ pé ó bàjẹ́.

Ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà ló yàtọ̀. Ti àtijọ́ fẹ̀ tó kilohertz 25. Ti òde òní kò ju 12.5 lọ, kí ẹni méjì lè lo àyè tí ẹnì kan ń dá gbà tẹ́lẹ̀. Amẹ́ríkà sọ èyí di dandan fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2013. Létí ẹ̀rọ tuntun, ohùn ti àtijọ́ máa ń fọ́. Létí ti àtijọ́, ohùn tuntun a lọ sílẹ̀. Lóru tí olè bá dé, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Okùn àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yí i padà. Motorola HT1000 lè gba méjèèjì, àmọ́ orí DOS ni ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kọ̀ǹpútà ògbólógbòó táwọn kan ti fẹ́ dànù ló wúlò jù fún un. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà fífẹ̀ nìkan. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún wọn ṣe. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ni yóò fi irú èyí tó jẹ́ hàn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ọjọ́ kan náà sì ni kí wọ́n yí gbogbo ẹ̀rọ ikọ̀ kan padà.

Ní Côte d'Ivoire, àjọ AIGF ló ń ṣàkóso ìgbì rédíò, àtúnṣe yìí kò sì rọ́pò ìwé àṣẹ.